Bí Ìyàwó Mi Ṣe Ka Àwọn Ará Ìjọ Wa

Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ JavaScript nínú ilé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Èmi ni mo rí ẹ̀kọ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ra ìwé tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀, èmi náà ni mo ń jókòó sídìí tábìlì ìjẹun nínú apartment wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí n kò bá lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú awò lójú, bí ọ̀gá. Lẹ́yìn mi, lórí àga gígùn, ìyàwó mi a máa ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ń ká aṣọ, ó ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ inú fídíò ń sọ. N kò fiyè sí i.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Nílé lọ́hùn-ún, olùkọ́ ìṣirò ni mí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a sì máa sá wọ kíláàsì tí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà mi. Ní Houston níbí, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ epo ní Pasadena ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàtà onírin ni mò ń wọ̀, mò ń gun àtẹ̀gùn irin sókè sódò nínú oòrùn, òórùn ibẹ̀ sì máa ń bá mi wọ mọ́tò wálé. Orúnkún mi méjèèjì ti ń dùn mí. Dókítà ní kí n dín gígun àtẹ̀gùn kù, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ohun tí mò ń wá nínú JavaScript kò ju iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣe lọ.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa ní Stafford. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wá kàwé sí ìlú yìí, ó sì ti di ọ̀gá láàárín àwọn tó ń kọ prógíráàmù fún kọ̀ǹpútà. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mò ń wá bàtà mi, bàbá náà fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Mo gbọ́ pé o ń kọ́ iṣẹ́ wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mò ń gbìyànjú sà."

"Good. Àyè ẹnì kan wà nínú team mi, beginner. Mi ò wá certificate. Bí èèyàn ṣe ń ronú ni mo fẹ́ rí."

Ó ní ìjọ ń lọ sí àgọ́ àdúrà ní oṣù tó ń bọ̀, akọ̀wé ìjọ kò sì mọ iye bọ́ọ̀sì tí òun máa háyà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kọ orúkọ àwọn tó ń lọ. Kí n kọ prógíráàmù kékeré kan tí yóò ka gbogbo wa, kí n sì wá fi han òun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀. Tí ó bá dára, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Akọ̀wé fi àwọn orúkọ ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ méje ni wọ́n: akọrin, àwọn tó ń fi èrò sí ìjókòó, ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ bàbá, ọ̀dọ́, àwọn aláwẹ̀, àti àwọn ọmọdé. Ohun tí wọ́n ń pè ní object nínú JavaScript dà bí kọ́bọ́ọ̀dù tó ní dúrọ́ọ̀, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ iwájú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú dúrọ́ọ̀ ni array wà, ìyẹn àwọn nǹkan tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Mo fi orúkọ ẹgbẹ́ sí iwájú dúrọ́ọ̀, mo to orúkọ ènìyàn sí inú rẹ̀. Títí débẹ̀, iṣẹ́ ń lọ geere. Mo wá bi kọ́bọ́ọ̀dù náà pé mélòó ló wà nínú rẹ̀. Array mọ iye ara rẹ̀. Tí ènìyàn bá béèrè length rẹ̀, á sọ. Object kò mọ tirẹ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi ni undefined, ìyẹn ni pé kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo wá ọgbọ́n mìíràn. Mo ní kí ó kó gbogbo orúkọ iwájú dúrọ́ọ̀ jọ, kí ó kà wọ́n. Ó ní méje. Mo tún un ṣe, ó ní méje. Ìjọ tí mọ́tò wa máa ń kún dé iwájú ṣọ́ọ̀bù táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí onítáyà sì máa ń jáde wá pariwo, kọ̀ǹpútà ní ènìyàn méje ni gbogbo wa. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó ti méje yìí.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú aṣọ ìnura ní apá.

"Dádì, dúrọ́ọ̀ lẹ kà. Ẹ ò tíì ka ohun tó wà nínú wọn."

Mo tún wo méje náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ lo Object.values, ó máa kó àwọn array yẹn jáde fún yín. Ẹ wá gba length ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rò wọ́n pọ̀."

Mo bọ́ awò mi. "Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?"

"Wọ́n sọ ọ́ ní lesson twenty-two."

Lesson kọkàndínlógún ni mo wà. Mo gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, mo wò ó. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì ti dé lesson kọkànlélógójì. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń bọ́ wọn lóúnjẹ. Mo bi í pé ìgbà wo ló ráyè. Ó ní nígbà ìsinmi ọ̀sán ni, nínú mọ́tò. Òun a tan ẹ̀rọ amúlétutù, òun a jẹun, òun a fi fóònù kọ́ ọ. Orí fóònù! Èmi tí mo lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun, tí mo sì ti ra àga tó ń yí.

Ìlara ni. N kò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Obìnrin tí mo fẹ́ràn ni, ìyá àwọn ọmọ mi ni, tí òkùnrùn bá mú un mi ò lè sùn. Síbẹ̀, bí mo ṣe di fóònù yẹn mú, ó wù mí kí ó jábọ́ kí ojú rẹ̀ fọ́. Mo dá a padà fún un jẹ́jẹ́. Mo ní, "O ṣé." Mo rán ara mi létí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún mẹ́fà péré ni mo fi ju ìyàwó mi lọ, àmọ́ mo rọ̀ mọ́ àkísà mi dáadáa.

Nígbà tó jáde lọ ra nǹkan, mo ṣe ohun tó wí. Kọ̀ǹpútà ka dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó rò wọ́n pọ̀, ó ní igba ènìyàn ó lé mọ́kàndínlógún. Mo mọ̀ pé a ò tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdí rẹ̀. Nínú ìjọ wa kò sí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kọrin, òun náà ló ń gbààwẹ̀, òun náà ló wà nínú ẹgbẹ́ ìyá. Ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sínú dúrọ́ọ̀ mẹ́ta. Mo wá lo ohun kan tí wọ́n ń pè ní Set, tó máa ń yọ orúkọ tó bá wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Ọgbọ́n tèmi nìyí, ìyàwó mi kò mọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà ní méjìdínláàdọ́rùn-ún. Inú mi dùn. Bọ́ọ̀sì méjì ti tó.

Mo fi hàn án bó ṣe wọlé. Ó gbé àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó wo àwọn orúkọ tó kù, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Dádì! Ìyá Ìbejì mẹ́ta ló wà nínú ìjọ wa. Ẹ ti sọ wọ́n di ẹnì kan!"

Òótọ́ ni. Ta ló máa pe àgbàlagbà lórúkọ nínú ìjọ wa? Orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn ni wọ́n kọ. Ìyá Ìbejì mẹ́ta, Bàbá Àgbà mẹ́rin, Sìstá Nọ́ọ̀sì márùn-ún. Set kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ó fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó lé àwọn yòókù. Dúrọ́ọ̀ àwọn ọmọdé ló wá burú jù. Àwọn ìyá kò kọ orúkọ ọmọ kankan síbẹ̀. "Àwọn ọmọ mi" ni púpọ̀ nínú wọn kọ. Kọ̀ǹpútà ti kó àwọn ọmọ ilé bí ogún, ó sọ gbogbo wọn di ọmọ kan.

Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn dùn mí ju àṣìṣe náà lọ. Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé mo máa pe àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Màmá kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìyá ni mo kọ́kọ́ pè.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mélòó lẹ fẹ́ kó wá sí àgọ́?"

Màmá gbé ohùn sókè.

"O fẹ́ ka ọmọ fún mi? Ìwọ, àgbàlagbà! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n pọ̀, lórúkọ Jésù. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ!" Màmá pa fóònù.

Mo pe èyí tó kéré jù nínú wọn, tó ń gbé ní ìlú Humble, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó. Mo rò pé ti ayé òde òní ni òun. Ó ní, "Ah, uncle, just put plenty abeg," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe.

Ìyàwó mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ó wá dúró lẹ́bàá tábìlì. "Ṣé kí n gbìyànjú?" Mo juwọ́ sí i pé kó máa ṣe é lọ. Ó dá mi lójú pé àwọn ìyá máa bú òun náà, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀.

Kò béèrè iye ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ pe akọ̀wé ìjọ, wọ́n sì gbà pé kí á ṣe ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà fún gbogbo ẹni tó ń lọ sí àgọ́. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sí ilé kọ̀ọ̀kan lórí fóònù: ẹ jọ̀ọ́, sáìsì ṣẹ́ẹ̀tì wo ni kí a bá yín mú? Ká tó jẹun alẹ́, èsì ti ń wọlé wìtìwìtì. Tèmi extra large, ti Dádì wọn large, kékeré méjì, èyí tó ga medium, ẹ bá mi mú ti ọmọ tuntun jòjòló kan. Màmá tó bú mi ní ọ̀sán, òun ló fi ti ẹ̀ ránṣẹ́ ṣíwájú, tòun ti ọmọ àti ọmọ ọmọ, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, ó tún fi àdúrà kún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń ka òun.

Ìyàwó mi jókòó sí àga mi tó ń yí. Ó kó ẹgbẹ́ méjèèje dànù. Ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tuntun: nọ́ńbà fóònù ilé kọ̀ọ̀kan ni orúkọ iwájú dúrọ́ọ̀, sáìsì ṣẹ́ẹ̀tì ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé kan, dúrọ́ọ̀ kan. Ẹnì kan, ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ó wá kọ ìlà kan ṣoṣo tó ka gbogbo array wọ̀nyẹn tó sì rò wọ́n pọ̀. Méjìdínlógóje. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta.

Mo gba kọ̀ǹpútà, mo fi bírò ka ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi, mò ń gbàdúrà kí ó ti ṣì í. Ó ti pẹ́ tí mo gba àdúrà tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀. Méjìdínlógóje ló jáde. Mo tún un kà, kò yí padà.

"Ẹ mú u lọ fún bàbá," ni ìyàwó mi wí. "Tiyín ni." Ó dìde, ó lọ tan iná sábẹ́ ọbẹ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ inú ló ń bí mi.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì ká nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, Màmá olórí ẹgbẹ́ ìyá wà níbẹ̀, ìyàwó mi sì jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tó ń dúró de ọkọ wọn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Bàbá náà fa awò rẹ̀ wá sí ìdí imú, ó wo iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀, ó tún padà sí òkè.

"This is clean," ó ní. "Wait. Kí ló mú ẹ ronú kan size ṣẹ́ẹ̀tì?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rí àga rírọ̀, mo rí fèrèsé, mo rí ara mi tí n kò gun àtẹ̀gùn mọ́.

"Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni sà."

"Ẹ̀mí Mímọ́ ni!" ni ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ké. Bàbá náà na ọwọ́ sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun ní ọjọ́ Ajé. Ó wá bojú wo ẹ̀yìn. "Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ o."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. Ó kan orúnkún mọ́ ilẹ̀ gan-an, ó ní, "A dúpẹ́ sà." Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára sùtánà rẹ̀. Kò wò mí. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi ò lè kúnlẹ̀ dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe tirẹ̀. Ìlara ọ̀tun tún gbé mi: ó ju mí lọ nínú ìṣirò, ó tún ju mí lọ nínú èyí náà.

"Ẹ̀yin bàbá," mo ní, "irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi ló ṣe é. Gbogbo rẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Màmá ní, "Ẹ ò rí ọkọ gidi! Ó ń gbé ìyàwó rẹ̀ ga. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè." Bàbá náà ń mi orí, ó ní, "And he is humble too." Mo sọ òtítọ́ lójú gbogbo ayé, iṣẹ́ náà sì tún wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Mo lè jókòó nígbà náà. Ẹ̀rí ọkàn mi ti gba tirẹ̀, orúnkún mi á sì gba tirẹ̀.

Mo pè é wá síwájú. Mo ní kí bàbá béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo wọn. Ẹ má yìn mí fún un. Apá kan nínú mi fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, apá kan sì ń retí pé ẹ̀rù á bà á, á ṣì í. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ, ó ní kí ó wá iye ṣẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ọmọdé, àti ilé tó ní èrò jù lọ.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà fún un. Ó dì í mú, ó fà á, kò wá.

"Dádì," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀.

Kò jókòó. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn. Èsì méjèèjì jáde. Kò dárúkọ ilé tó ní èrò jù lọ. Ó yí kọ̀ǹpútà sí bàbá kí òun nìkan lè rí i, nítorí Màmá tí kò gbà kí á ka ọmọ wà níbẹ̀. Bàbá náà yọ awò rẹ̀ pátápátá. Ó fa àga kan wá fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀. Títí a fi gba àdúrà ìparí, kò tún wo ọ̀dọ̀ mi.

Láti oṣù yẹn, ìyàwó mi ló ń lọ sí ọ́fíìsì. Èmi ṣì ń gba freeway lọ sí Pasadena. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì mí. Mo bi í pé báwo ni. Ó ní ó dára, pé wọ́n fún òun ní tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé, pé wọ́n bi òun níbo ni òun ti kọ́ iṣẹ́ náà.

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ọkọ mi ló kọ́ mi." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀, ó sì fi orí lé mi léjìká.

Òun gbà á gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo ń wá ẹ̀gàn, n kò rí i. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn díẹ̀. Àmọ́ ó ṣòro fún mi láti jókòó síbẹ̀, nítorí pé gbólóhùn kan péré ni mo nílò níwájú bàbá yẹn, pé ìyàwó mi ló ṣe é, ó sì nira fún mi bí ẹni gbé òkúta. Tirẹ̀ jáde láìrò. Mo jowú ìyẹn náà.